Ìdajì wákàtí kí ọkọ̀ ojú omi tó kúrò lórí tírélà

Arákùnrin wa láti Ọ̀fà, ẹ kú oríire ọkọ̀ ojú omi onífáíbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ẹ ní àlòkù ni, ẹ fẹ́ fi mọ́tò fà á gba Ìlọrin lọ sí Jẹ́bà lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ sì ń béèrè ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ó tó kúrò lórí tírélà kékeré tí wọ́n gbé e lé. Ìlọrin ni mò ń gbé, ó sì ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń fa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ pẹja ní Jẹ́bà. Ìmọ̀ràn mi kò ju ẹyọ kan lọ, bí ó tilẹ̀ ní ẹ̀ka: orí ilẹ̀ títẹ́jú ni kí ẹ ti parí gbogbo àyẹ̀wò, kí táyà tírélà tó kan ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ omi, nítorí pé bí ẹ bá ti ń fi ẹ̀yìn wa mọ́tò lọ sínú omi, ọkàn yín kò ní ráyè ro nǹkan mìíràn mọ́.

Ìyà ló kọ́ mi. Ní ọdún kejì tí mo ra tèmi, táyà kan bẹ́ mọ́ wa lẹ́yìn tí a kọjá Bódè Sáàdú, ó sì gba ohun tó ju wákàtí méjì lọ kí a tó rí ẹni tó bá wa tún un ṣe. Oòrùn ti kọjá àtàrí kí a tó dé etí omi, ara mi kò sì balẹ̀ mọ́. Àbúrò ìyàwó mi wọ inú ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí mo fa okùn rẹ̀, a sì ti jìnnà tó ogójì ìṣísẹ̀ sí etí omi kí n tó rí i pé iwájú ọkọ̀ ń gbé sókè. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, omi ti mu bátìrì dé ìdajì, agolo epo sì ti ń léfòó. Ihò kékeré kan wà nísàlẹ̀ ìdí ọkọ̀ tí a máa ń ṣí kí omi tó dúró sínú rẹ̀ lè ṣàn jáde. Èmi ni mo yọ ìdérí rẹ̀ nílé ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú nítorí òjò, mo gbé e sí ojú fèrèsé ilé ìdáná, ibẹ̀ ló sì wà ní gbogbo ìgbà tí a fi wà lórí omi.

Ihò náà kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ. Àbúrò ìyàwó mi kò mọ̀wẹ̀, ẹ̀wù adóòlà ẹ̀mí tí mo rà fún un sì wà lábẹ́ ìjókòó. Àwọn apẹja méjì tí wọ́n ń kó àwọ̀n wọn ló wa ọkọ̀ igi wọn tọ̀ wá wá, ọ̀kan nínú wọn sì ń pariwo pé kí a má dìde, kí a jókòó mọ́lẹ̀, nítorí bí ènìyàn bá dìde nínú ọkọ̀ tó ti gba omi, gbogbo omi náà á rọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ á sì dojú dé. Wọ́n fà wá dé etí ilẹ̀. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan; igba lítà tó bá rọra wọlé láìfura dà bí ìgbà tí àgbàlagbà mẹ́ta bá tún bá yín wọ ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá yọ ìdérí yẹn, okùn kan náà tí mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mọ́ ni mo máa ń so ó mọ́, kí n má baà lè kúrò nílé láìrí i. Bí mo bá sì dá a padà, n kì í fi ojú lásán wò ó. Ìka ni mo fi ń yí i títí tí rọ́bà rẹ̀ á fi fún, n ó wá tún fi ìka kan náà rìn yí etí rẹ̀ ká.

Ilé ni àyẹ̀wò tírélà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí fọganáísà wọn afẹ́fẹ́ táyà méjèèjì àti ti àfirọ́pò, kí ẹ sì fún gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀. Bí ìwúwo tó wà lórí ìkọ́ mọ́tò kò bá tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ẹrù náà, tírélà á máa jó lẹ́yìn yín lójú títì, nítorí náà ẹ má ṣe kó gbogbo ẹrù sí ìdí ọkọ̀. Ẹ dúró ní Bódè Sáàdú, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan àárín àgbá táyà níbi tí bíárìn, irin tó ń jẹ́ kí táyà yí geere, wà. Ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò burú; ṣùgbọ́n bí ó bá gbóná débi pé ọwọ́ yín kò lè dúró lórí rẹ̀, gíríìsì ti tán tàbí bíárìn ti ń jẹ, ẹ má sì ṣe lọ síwájú kí mẹkáníìkì tó tú u wò.

Bí ẹ bá wá dé Jẹ́bà, ẹ má ṣe lọ tààrà sínú omi. Bíárìn tó gbóná láti ojú ọ̀nà, tí ẹ bá rì í bọ omi tútù lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi kọjá rọ́bà tó dí i. Omi yẹn á ba gíríìsì jẹ́, ìpẹtà á sì wọlé, ẹ kò sì ní mọ̀ títí tí táyà á fi tú lọ́jọ́ mìíràn. Ó tó ìdajì wákàtí kí ó tó tutù. Ìdajì wákàtí yẹn gan-an ni mo sọ di àkókò àyẹ̀wò mi, nítorí kò sí bí mo ṣe lè kánjú nínú rẹ̀.

Nínú rẹ̀ ni mo ti ń yọ wáyà iná tírélà kúrò lára mọ́tò, kí omi má baà sun fíúsì. Mo ń tú okùn tó di ìdí ọkọ̀ mọ́ tírélà, mo sì ń gbé ẹ́ńjìnnì sókè kí fáànù rẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lọ nínú omi má baà gbá kọnkéré. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, okùn wíńṣì (ẹ̀rọ tí a fi ń ká okùn láti fa ọkọ̀) àti ṣéènì tó di iwájú ọkọ̀ mú, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án títí tí ìdí ọkọ̀ á fi léfòó. Ọ̀rẹ́ mi kan láti Òmù-Àrán tú tirẹ̀ lókè kí ó lè yá. Bí ó ṣe tẹ bíréèkì ní ìdajì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọkọ̀ yọ̀ kúrò lórí tírélà, ó sì ṣubú sórí kọnkéré. Bí ẹnì kan bá dúró lẹ́yìn rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìsìnkú la ì bá máa sọ. Nítorí náà, kí ọmọdé tàbí àgbà kankan má ṣe dúró sẹ́yìn tírélà.

Ẹ fi imú wá epo. Afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni ó máa ń kó jọ sí, iná kékeré láti bátìrì sì tó láti gbiná sí i. Bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀, ẹ wá ibi tó ti ń jò nínú rọ́bà epo kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ẹ fún nọ́ọ̀tì tó di ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí ọkọ̀. Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ gbígbẹ láìsí omi tó ń wọ inú rẹ̀, nítorí omi ló ń mú un tutù, rọ́bà tó ń fa omi náà sì máa ń jóná kíákíá. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti léfòó, tí okùn iwájú ṣì dì í mú, ni kí ẹ tó tàn án; ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá omi ń tú jáde dáadáa, ẹ so okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́ ọwọ́ ẹni tó ń wà á, kí ẹ sì fà á yọ lẹ́ẹ̀kan láti rí i pé lóòótọ́ ni ó ń pa á.

Ní ti ẹ̀wù adóòlà ẹ̀mí, orí ilẹ̀ ni kí olúkúlùkù ti wọ̀ ọ́, kí ẹ sì de ìdè rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Kwara kò tíì gbàgbé oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ọkọ̀ tó ń kó àwọn tó lọ ṣe ìgbéyàwó padà dojú dé lórí odò Ọya ní agbègbè Pàtégì, tí ó ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tó kú. Mi ò lè gba ẹnikẹ́ni sínú ọkọ̀ mi mọ́ láìwọ̀ ọ́, bó ti wù kí ó mọ̀wẹ̀ tó.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn apẹja tí ẹ bá bá níbẹ̀. Nísàlẹ̀ ìdídò (dáàmù) Jẹ́bà, omi máa ń wú tàbí kí ó fà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń tú u sílẹ̀, ibi tí kọnkéré ti gbẹ láàárọ̀ sì lè wà lábẹ́ omi ní ìrọ̀lẹ́. Bí ìjì àkọ́rọ̀ òjò bá ń ṣú ní ìlà-oòrùn, ẹ máa yí tírélà padà sílé. Kí ẹ tó lọ, kí ìyàwó yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín kan mọ ibi tí ẹ lọ àti wákàtí tí ẹ fẹ́ dé.

Bí ọ̀nà yín bá gba Ìlọrin kọjá ní ìdájí ọjọ́ náà, ẹ yà sọ́dọ̀ mi. Mo ní jáàkì àti gíríìsì nílẹ̀; a lè jọ ṣí bíárìn méjèèjì wò kí ẹ tó máa lọ.