Orúkọ méjì, olórin kan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ àwọn àwo fújì ilé wa sórí MusicBrainz, àkójọ ìsọfúnni orin tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Páálí kan pe olórin ní Alhaji Sikiru Ayinde Barrister, òmíràn ní Dr. Ṣé kí n ṣí ojú ewé méjì ni? (Òǹkàwé, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ó tì o! Ojú ewé kan náà ni kí ẹ so méjèèjì mọ́. Ohun tó wà lára páálí, inú àpótí “Artist as credited” (orúkọ olórin bí wọ́n ṣe kọ ọ́) ló ń lọ. Bí ẹnìkan bá ti ṣí méjì tẹ́lẹ̀, ẹ ní kí wọ́n da ojú ewé méjèèjì pọ̀; ọjọ́ 7 ni àwọn tó ń tún ìkànnì náà ṣe fi ń dìbò sí i. Ibẹ̀ ni wàhálà wà: ẹ má fi àmì sí àpótí tó ní kí orúkọ tuntun rọ́pò ti àtijọ́, torí gbogbo orúkọ ara páálí ló máa pa rẹ́.