Ìpè mẹ́ta tí o ò gbé

Ojú ewé mẹ́rin lo kọ sí mi. Mo kà á tán, mo gbé e sílẹ̀, mo tún padà lọ wá gbólóhùn kan tó há sí mi lọ́kàn. Inú ojú ewé kẹta ló wà, o sì sáré fò ó bí ẹni tó ń fo kòtò: “Ọ̀kan nínú wọn pè mí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tí ìyá rẹ̀ kú, mi ò gbé e torí mi ò mọ ohun tí màá sọ, ṣùgbọ́n ìyẹn ti pẹ́.”

Ó ti pẹ́ lójú ta ni?

Kí ẹ̀yin yòókù tó ń kà á lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà: ẹni ọdún 41 ni àbúrò wa yìí. Àwọn márùn-ún ni wọ́n jọ ń ṣọ̀rẹ́ láti ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó ti lé ní ogún ọdún. Ọ̀kan ti kó lọ sí òkèèrè, àwọn méjì bímọ léra wọn, ẹnì kẹrin sì ni ẹni tó pè é yẹn. Ó to gbogbo wọn sílẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹni tí kò kí i lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, ẹni tó rí fọ́tò rẹ̀ tí kò sọ nǹkan kan. Ó ní tí òun bá ti ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òun kì í bá èèyàn kankan sọ̀rọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, ṣé kí òun rọra jáde kúrò nínú gúrúùpù WhatsApp wọn, àbí kí òun kọ́kọ́ kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n fojú òun rí?

Àbúrò mi, mi ò ní dáhùn ìbéèrè yẹn. Wọ́n ní, “Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́.” Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Gúrúùpù yẹn ni ẹrù tó wọ́. Ìpè mẹ́ta yẹn ni ẹsẹ̀.

Pé àwọn tó yí ọ ká ń dínkù, ìyẹn ò yà mí lẹ́nu rárá. Ní 2016, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Aalto ní Finland àti ti Oxford tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde lórí àkọsílẹ̀ ìpè fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n rí i pé ìgbà tí èèyàn bá wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 25 ló máa ń bá àwọn tó pọ̀ jù sọ̀rọ̀, lẹ́yìn ìyẹn iye wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílẹ̀. Bó ṣe rí fún gbogbo wa nìyẹn. Ẹni tó ní ọmọ kékeré méjì nílé tí kò dá ọ lóhùn lálẹ́ kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀, oorun ló ń wá. Ẹni tó wà lókèèrè, ilẹ̀ lè ti ṣú lọ́dọ̀ rẹ̀ kó o tó rántí pé o fẹ́ kí i. Dárí jì wọ́n, kí o jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ṣe pàtàkì.

Kò sí ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tó máa ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Ó ń pè ọ́ nítorí pé ilẹ̀ ń yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ń wá ẹni tí yóò di òun mú. Ká ní o gbé e, tí o wulẹ̀ ń sunkún sí i létí, ìyẹn ì bá tó. Ká ní o dákẹ́ lórí ìlà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyẹn náà ì bá tó.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn èèyàn wá, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n gbàdúrà, àmọ́ títí di òní mi ò lè tún gbólóhùn kan ṣoṣo sọ nínú gbogbo ohun tí wọ́n wí. Ohun tí mo rántí ni obìnrin kan tó jókòó tì mí láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú, tó di ọwọ́ mi mú, tí kò la ẹnu. Mo sì rántí ọ̀rẹ́ mi kan tí kò wá. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi ń wo ilẹ̀kùn. Ọjọ́ tí a wá padà pàdé, ó ní òun ò mọ ohun tí òun ì bá sọ ni. Gbólóhùn tìrẹ gan-an. Ìdí nìyẹn tí ara mi fi gbóná nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún ọ.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rò pé ó lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rù bà ọ́. O ní wàá pè é padà lọ́la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀ kejì, o wá ń ro ohun tí wàá sọ pé ó fà á tí o ò fi tètè pè. Nígbà tó fi máa pé oṣù méjì, ojú ń tì ọ́ débi pé tí orúkọ rẹ̀ bá yọ lójú fóònù, wàá dà á dé. Ìtìjú yẹn wúwo, o ò sì lè dá a gbé, lo bá wá ẹni tí wàá gbé e lé lórí. Bó ṣe di pé àwọn ni wọ́n pa ọ́ tì nìyẹn. Mo ti ka irú lẹ́tà yìí tó pọ̀: èèyàn á ṣẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò ní lè tọrọ àforíjì, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rẹ́ náà sílẹ̀, títí kan ọjọ́ ìbí àti fọ́tò.

Nǹkan mìíràn tún wà, òun gan-an ló sì dùn mí jù. Ní ojú ewé kìíní, níbi tí o ti ń ròyìn ìgbà tí ayé dùn, o ní nígbà tí ilé tìrẹ ò ṣeé padà sí lásìkò ìsinmi, ilé ìyá ọ̀rẹ́ rẹ kan lo máa ń lọ. O ní obìnrin náà tẹ́ ibùsùn fún ọ nínú yàrá ara rẹ̀, ó sì máa ń béèrè èsì ìdánwò rẹ kó tó béèrè ti ọmọ tó bí. Orúkọ ọmọ yẹn lo kọ síbẹ̀. Orúkọ náà lo tún kọ sí ojú ewé kẹta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ibi méjèèjì kó tó yé mi pé ìyá kan náà ni, nítorí pé o ò so wọ́n pọ̀ níbì kankan.

Ìyá tìẹ náà ló kú. O ò fẹ́ gbọ́ ọ, o sì mọ̀ pé tí o bá gbé fóònù yẹn, wàá gbọ́ ọ. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin rèé, o ò tíì sunkún obìnrin yẹn.

O wá sọ fún mi pé o ti fẹ́ràn ìdánìkanwà. Mi ò bá ìdánìkanwà jà. Mo máa ń dá jókòó láràárọ̀ kí ojú ọjọ́ tó là tán, mi ò sì ní fi wákàtí yẹn ṣe pàṣípààrọ̀ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ìwọ náà lo kọ ọ́ pé àyà rẹ máa ń já tí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn. Àyà ẹni tó ń sinmi kì í já bẹ́ẹ̀.

O tún ní wàá kúkú wá ọ̀rẹ́ tuntun. Wá wọn, ó dáa. Jeffrey Hall ti Yunifásítì Kansas ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2018, ó sì rí i pé ó ń gbà tó wákàtí 200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àwọn méjì tí kò mọra tẹ́lẹ̀ tó di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ìgbà tí ìyà bá dé bá ọ̀rẹ́ tuntun yẹn, tó sì pè ọ́, kí lo máa ṣe?

Pè é lọ́sẹ̀ yìí. Òun nìkan, kì í ṣe nínú gúrúùpù, má sì kọ àtẹ̀jíṣẹ́ gígùn. Ní 2022, Peggy Liu ti Yunifásítì Pittsburgh àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn pé tí a bá fẹ́ kàn sí ẹni tí a ti pẹ́ tí a ò bá sọ̀rọ̀, a máa ń fojú kéré bí inú ẹni náà yóò ṣe dùn tó. Ṣùgbọ́n má fi ìyẹn tu ara rẹ nínú jù. O jẹ ọ̀rẹ́ rẹ yìí ní gbèsè, inú lè máa bí i, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Tó bá bá ọ wí, gbọ́ ọ títí tó fi máa tán. Tí kò bá gbé e, fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́, kí o sì dúró.

Má sọ fún un pé o dá wà. Má sọ pé o ò mọ ohun tí ò bá sọ. Sọ pé: “O pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, mo rí i, mi ò gbé e. Mo ṣẹ̀ ọ́.” Lẹ́yìn náà, sọ ti ibùsùn yẹn fún un, àti bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń béèrè èsì ìdánwò rẹ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sí ẹlòmíràn láyé tó rántí ìyá rẹ̀ báyẹn àyàfi ìwọ, ó sì ti ń dá rántí rẹ̀ láti ọdún kan àti oṣù mẹ́rin.