Kí ni àwọn ìjọba ń ṣe kí tábà lílò lè dín kù láàárín àwọn obìnrin?

Owó orí tí wọ́n ń bù lé sìgá ló ń ṣiṣẹ́ jù. Bí sìgá bá ti wọ́n, àwọn kan á jáwọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò lówó lọ́wọ́ kò sì ní bẹ̀rẹ̀ rárá.

Àdéhùn àgbáyé lórí tábà, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 2003, mẹ́nu ba obìnrin ní pàtó. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, torí ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn tó ń ta sìgá ti ń dọdẹ wọn. Lọ́dún 1929, wọ́n ṣètò kí àwọn obìnrin máa mu sìgá ní gbangba níbi ayẹyẹ Àjíǹde ní New York, kó lè dà bí àmì òmìnira. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé sìgá tẹ́ẹ́rẹ́ jáde fún wọn. Ní ti àwọn ìjọba, Ọsirélíà bọ́ gbogbo ẹ̀ṣọ́ kúrò lára páálí sìgá ní 2012. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de sìgá mẹ́ńtọ́ọ̀lì, ìyẹn sìgá tó máa ń tutù lọ́fun bíi míńtì, ní 2020.

Lójú tèmi, ibi ìtọ́jú aboyún ló yẹ kí ìjọba tẹra mọ́ jù. Sìgá lè mú kí aboyún bímọ kí oṣù tó pé, tàbí kí ọmọ kéré jù. Obìnrin tó ti lé ní ọdún 35, tó ń mu sìgá, tó tún ń lo oògùn oníhóró fún ìfètò sọ́mọ bíbí, èyí tó ní ẹ́sítírójìn (irú èròjà kan tó máa ń wà nínú ara obìnrin), wà nínú ewu rọpárọsẹ̀ gidi.

Ẹ má sì gbàgbé tábà jíjẹ. Ní Íńdíà, òun ni àwọn obìnrin ń lò ju sìgá lọ, nítorí náà ìpolongo tó bá dá lórí èéfín nìkan kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn.