Ìbéèrè Yín Lórí Ọ̀sà: Ọ́ísítà, Òjé àti Omi Ẹlẹ́gbin

Lẹ́tà mẹ́ta ló dé lóṣù yìí lórí ọ́ísítà, ẹran omi inú ìkarahun tó ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi létí ọ̀sà. Mo fẹ́ fara balẹ̀ dá wọn lóhùn, nítorí etí ọ̀sà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, owó ọ́ísítà sì ni ìyá bàbá mi fi rán bàbá mi lọ sílé ìwé.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa. Ọ́ísítà gbígbẹ ni mo ń tà. Oníbàárà mi kan ní ọmọ òun tó wà ní yunifásítì sọ pé òjé wà nínú ọ́ísítà ọ̀sà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń bọ̀ ọ́, mo sì máa ń da omi rẹ̀ nù kí n tó sá a. Ṣé ìyẹn ò tó ni? (Ìyá Alátẹ, Bàdágírì)

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà, ìyá mi. Bíbọ̀ tí ẹ ń bọ̀ ọ́ dáa, ẹ má dẹ́kun rẹ̀. Ṣùgbọ́n oríṣi ìdọ̀tí méjì ló lè wà nínú ọ́ísítà, ọ̀kan ṣoṣo ni iná sì ràn.

Ẹ mọ bí a ṣe ń sẹ́ ògì: omi á jò sísàlẹ̀, èérí á kù sínú asẹ́. Bí ọ́ísítà ṣe ń jẹun nìyẹn. Kì í rìn. Gbòǹgbò igi ẹ̀gbà tó bá ti lẹ̀ mọ́ ní kékeré, ibẹ̀ ni yóò dàgbà sí, ibẹ̀ náà ni yóò kú sí. Tọ̀sán tòru ló ń fa omi wọlé, ó ń sẹ́ ẹ, ó sì ń gba ohun tó bá wà nínú rẹ̀ mú. Bí ìgbẹ́ bá ń ṣàn wọ omi náà, kòkòrò àrùn á wọ inú rẹ̀. Bí òjé tàbí kádímíọ́mù, irin olóró mìíràn, bá wà níbẹ̀, òun náà á wọlé.

Kòkòrò ni iná ń pa. Lọ́dún 1988, ní ìlú Shanghai ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni hepatitis A kọ lù, àrùn ẹ̀dọ̀ tó máa ń sọ ojú di pípọ́n bí iyeyè. Ẹran inú ìkarahun kan tó jọ ọ́ísítà ni wọ́n jẹ. Inú omi tí ìgbẹ́ ti bà jẹ́ ni wọ́n ti kó o, wọn ò sì sè é jinná. Nítorí náà, ẹni tó bá ń bọ ọ́ísítà dáadáa ń gba ẹ̀mí là.

Òjé kò ní ẹ̀mí tí iná fẹ́ gbà. Díẹ̀ lè bá omi bíbọ̀ lọ, èyí tó kù á jókòó sínú ẹran. Bí ẹ bá wá sá a, omi ara rẹ̀ ló ń gbẹ, òjé ò gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kúnwọ́ ọ́ísítà gbígbẹ fi máa ń ní òjé ju ẹ̀kúnwọ́ tútù tí a kó níbì kan náà.

Ìyá bàbá mi kì í jẹ́ ká já ọ́ísítà lẹ́bàá èbúté tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń gúnlẹ̀ sí. Ó ní ó ń ta kẹrosíìnì lẹ́nu. Òótọ́ ni màmá sọ, epo máa ń wọ ẹran ọ́ísítà, ahọ́n á sì mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń dùn mí ni pé òjé kì í rùn, kì í korò. Ahọ́n màmá, tó mọ omi jù wá lọ, kò lè rí i.

Mi ò ní kí ẹ kó ọjà yín dànù o. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ máa bi àwọn tó ń já a fún yín ni pé, "Níbo lẹ ti já a?" Ẹ má gba ti ẹ̀gbẹ́ ààtàn, ti ẹnu gọ́tà ńlá, ti ibi tí wọ́n ti ń kun ọkọ̀ ojú omi tàbí tí wọ́n ti ń tú bátìrì. Ẹ fi èyí sọ́kàn fún àwọn aboyún àti ọmọdé jù lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kan tí a mọ̀ tí kò lè pa ọmọdé lára, ọpọlọ wọn ló sì ń bà jẹ́.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ mà. Mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi lórí ẹ̀gbin inú ọ̀sà Èkó. Olùkọ́ mi ní kí n lo ọ́ísítà. Kí ló dé tí mi ò kàn lè bu omi sínú ìgò kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò? (Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin, Akọka)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, olùkọ́ rẹ mọ ohun tó ń sọ. Omi tí o bu láàárọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àárọ̀ yìí nìkan ló lè sọ. Bí ẹnì kan bá da ìdọ̀tí sílẹ̀ lóru àná tí omi sì ti fà á lọ sínú òkun, ìgò rẹ á ní kò sí nǹkan kan. Ọ́ísítà wà níbẹ̀ lóru àná àti lóṣù tó kọjá. Edward Goldberg, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì òkun ará Amẹ́ríkà, ló dá a lábàá lọ́dún 1975 pé kí wọ́n máa fi irú ẹran bẹ́ẹ̀ ṣọ́ etí òkun, láti ọdún 1986 ni ìjọba Amẹ́ríkà sì ti ń ṣe é ní etíkun wọn.

Iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ nípa ọ̀sà tiwa náà. Lọ́dún 1966 ni àwọn olùwádìí méjì, Sandison àti Hill, kọ̀wé lórí bí iyọ̀ inú omi ṣe ń pinnu ibi tí ọ́ísítà lè gbé ní èbúté Èkó. Lọ́dún 1980, olùwádìí mìíràn, Ajana, kọ̀wé lórí pípa ọ́ísítà ní agbègbè Èkó. Wá méjèèjì kà kí o tó wọ ọkọ̀. Wọn á jẹ́ kí o mọ ìdí tí òjò fi ṣe pàtàkì: bí omi òjò bá kún ọ̀sà, iyọ̀ á dínkù, ara ọ́ísítà á sì yí padà. Tí o bá kó ti ibì kan lẹ́ẹ̀rùn, tí o kó ti ibòmíràn lójò, tí o wá ní ọ̀kan dọ̀tí ju èkejì, irọ́ lò ń pa láìmọ̀.

Kó àwọn tí kò tóbi jura lọ. Kó láti ibi tí o fura sí, kó láti ibi tó jìnnà sí ẹ̀gbin pẹ̀lú, kí o sì wọn iyọ̀ omi níbi méjèèjì. Fi wọ́n sínú omi mímọ́ tí iyọ̀ rẹ̀ bá tiwọn mu fún wákàtí 24 kí wọ́n lè ya ẹrẹ̀ inú wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹrẹ̀ lo máa gbé lọ wọ̀n. Tí o bá ti ṣí ìkarahun tán, má fi ọ̀bẹ irin gé ẹran náà, ti ike tàbí ti tánganran ni kí o lò. Sọ ọ́ kedere nínú ìwé rẹ bóyá ẹran tútù lo wọ̀n tàbí gbígbẹ. Bí síńkì bá sì pọ̀ nínú èsì rẹ, má tètè pariwo, àdámọ́ ọ́ísítà ni láti kó síńkì jọ.

Ọ́ísítà fúnra rẹ̀ ń jìyà pẹ̀lú. Ní Arcachon ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀dà kan tí wọ́n ń fi kun abẹ́ ọkọ̀, tó ní TBT, èròjà olóró tó ń pa ohun tó bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀, sọ ìkarahun ọ́ísítà di kíki gbágbá, àwọn ọmọ wẹẹrẹ rẹ̀ ò sì yè mọ́. Àwọn tó ń sìn ín fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá sílé kí ìjọba tó fi òfin de ọ̀dà náà lára ọkọ̀ kéékèèké lọ́dún 1982. Òfin gbogbo àgbáyé ò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di ọdún 2008. Ọdún 26 gbáko!

Ìbéèrè: Àwọn ọmọ àdúgbò wa máa ń gé gbòǹgbò ẹ̀gbà tọ́ísítà-tọ́ísítà nítorí ó yá ju kí wọ́n máa họ ọ́ lọ. Ṣé ó burú? (Bàbá Ọlọ́kọ̀, Ọ̀jọ́)

Ìdáhùn: Ó burú, bàbá. Orí gbòǹgbò yẹn ni ọmọ ọ́ísítà tó ń bọ̀ lẹ́yìn fẹ́ lẹ̀ mọ́, òun náà ló ń di ẹrẹ̀ mú kí omi má gbé e lọ. Ní Gáḿbíà, àwọn obìnrin tó ń já ọ́ísítà dá ẹgbẹ́ TRY sílẹ̀ lọ́dún 2007. Wọ́n gbà láàárín ara wọn pé àwọn ò ní gé gbòǹgbò mọ́, wọ́n ń gbin ẹ̀gbà tuntun, wọ́n sì ń fi oṣù púpọ̀ sílẹ̀ lọ́dún tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já nǹkan kan. Ẹ fún àwọn ọmọ yẹn ní ọ̀bẹ kékeré àti ìbọ̀wọ́ tó nípọn. Ìkarahun tó ń ṣá wọn lọ́wọ́ ló ń mú kí wọ́n máa sá sídìí àdá.