Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kásẹ́ẹ̀tì tí Spectrum ń kọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ZX Spectrum 48K kan, tó ń ka eré láti orí kásẹ́ẹ̀tì, wà lọ́wọ́ mi. Tí mo bá fi kásẹ́ẹ̀tì eré sí i, orúkọ eré á jáde, ìlà á máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ ní ìparí á kọ “R Tape loading error”. Ṣé kọ̀ǹpútà náà ti bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ó ṣòro kó jẹ́ kọ̀ǹpútà. Ìpín méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà kọ nǹkan sórí téèpù: àkọlé kúkúrú tó gbé orúkọ, lẹ́yìn náà, ohun tí a ń wá gan-an. Bí Spectrum kò bá lè ka àkọlé, kì í fọhùn rárá. Á kàn máa dúró de òmíràn. Nígbà tí orúkọ ti jáde, a jẹ́ pé ìpín kejì ló ṣì kà. Báìtì (ẹyọ dátà) tó kẹ́yìn ló fi ń yẹ gbogbo èyí tó ṣáájú wò, bíìtì kan ṣoṣo (0 tàbí 1 inú báìtì) tó bá sì yí padà ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ẹ kọ ètò kúkúrú kan, kí ẹ fi SAVE gbà á sílẹ̀ sórí téèpù òfìfo (ẹ yọ wáyà EAR, èyí tó ń gbé ohùn láti rikọ́dà wá sínú kọ̀ǹpútà, lásìkò yìí), kí ẹ dá téèpù padà sẹ́yìn, kí ẹ ki EAR bọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi VERIFY yẹ̀ ẹ́ wò. Bí tiyín bá yege tí ti ọjà (eré tí ẹ rà) sì ń kùnà, orí tó ń ka téèpù nínú rikọ́dà yín ló wọ́. Ohun tó fúnra rẹ̀ kọ nìkan ló lè kà.

Kí ẹ tó tún orí náà ṣe, ẹ fi òwú àti ọtí isopropyl nù ún, kó gbẹ. Ẹ gbé Volume sí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, Treble sókè pátápátá, ẹ pa Dolby (ohun tó ń dín ariwo téèpù kù). Ẹ gbé rikọ́dà jìnnà sí tẹlifíṣọ̀n.

Bó bá ṣì ń kọ̀, ẹ wá skúrù kékeré tó ní sípíríǹgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí náà. Ẹ sàmì sí ibi tó wà. Ẹ yọ wáyà EAR kí ohùn lè jáde, ẹ tẹ téèpù ọjà, kí ẹ sì fi sukudiráfà tí kò ní òòfà yí i díẹ̀díẹ̀, kó má ju ìdámẹ́rin òbírí lọ, títí ariwo á fi mú ṣáṣá. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi sí. Ẹ rántí o: téèpù tí ẹ ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè máà ṣeé kà mọ́, nítorí náà, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ dá skúrù padà sí ibi àmì, ẹ kó o sínú kọ̀ǹpútà, ẹ yí skúrù sí ibi tuntun, kí ẹ sì tún un gbà sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé àdápútà 9V èyíkéyìí lè ṣiṣẹ́ fún un?

ÌDÁHÙN: Rárá o! DC ni, 1.4A, àárín ẹnu rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òdì (−). Ọ̀pọ̀ àdápútà òde òní ló fi (+) sí àárín. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó ki í bọ̀ ọ́.