Nípa áńkọ̀ orí òrùlé: ẹ yẹ igi wò kí ẹ tó ra irin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ ká páànù àtijọ́ kúrò lórí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìkẹ́rẹ́, pé ògiri rẹ̀ ga tó mítà 4, pé káfíńtà mẹ́rin ni yóò gun òkè. Ẹ wá ń bèèrè èwo ló yẹ ní rírà: áńkọ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n ń so okùn ààbò mọ́ kí èèyàn má baà já, onírin tí wọ́n ń kàn mọ́ góńgó òrùlé, àbí okùn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń wé mọ́ igi. Kí n tó dáhùn, igi wo ló wà lábẹ́ páànù yẹn? Ẹ ò sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Òfin Amẹ́ríkà ní kí áńkọ̀ ẹnì kan lè gba 5,000 pọ́ùn, ìyẹn bíi kílò 2,270, àyàfi tí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ṣírò rẹ̀ lọ́tọ̀. Ìlànà EN 795 ti Yúróòpù ń fi 12 kN dán ti onírin wò, bíi kílò 1,200. Nọ́ńbà wọ̀nyẹn dára, ẹ wò wọ́n lára ọjà kí ẹ tó sanwó. Èyí tí kò ní nọ́ńbà ìlànà àti ọdún tí wọ́n ṣe é lára, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Àmọ́ irin ni wọ́n dán wò níbẹ̀, wọn ò dán igi Ìkẹ́rẹ́ wò.

Òrùlé wa kì í ní pákó títẹ́ lábẹ́ páànù bíi ti àwọn òyìnbó tó kọ ìwé inú páálí áńkọ̀. Orí pọ́ọ̀lìnì, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú òrùlé, ni páànù wa ń jókòó sí tààrà. Igi 2×2 tàbí 2×3 ni pọ́ọ̀lìnì yẹn, ìṣó kan tàbí méjì ló sì dì í mọ́ ráfítà, igi ńlá tó dagun láti orí ògiri lọ sí góńgó. Bí ẹ bá kan áńkọ̀ mọ́ pọ́ọ̀lìnì, ọjọ́ tí èèyàn bá yọ̀, òun àti pọ́ọ̀lìnì ni yóò jọ sọ̀ kalẹ̀. Ìṣó lágbára bí wọ́n bá tì í láti ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá fà á padà gba ojú ihò tó gbà wọlé, wẹ́rẹ́ ló ń yọ, pàápàá nínú arère tó rọ̀, tí kì í di ìṣó mú. Ráfítà ni kí ẹ wá, ẹ má gba ohun mìíràn.

Ráfítà náà ńkọ́? Ikán ń jẹ inú, á fi èèpo sílẹ̀ kó máa dán. Ẹ mú sukurúdíráfà, kí ẹ fi gún igi níbi tó ti jókòó lórí ògiri, lẹ́bàá gọ́tà, àti lábẹ́ gbogbo ojú ìṣó tó ti dípẹtà, torí ibẹ̀ lomi ti ń kán fún ọdún pípẹ́. Bí ẹnu irin bá rì wọlé láìjẹ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́, igi yẹn ti kú. Ẹ tún fi òòlù kàn án: èyí tó yè á dún gán-ún, èyí tó ti jẹrà á dún bọ̀ọ̀, ìyẹ̀fun pupa á sì máa dà sílẹ̀. Àwọn aláyẹ̀wò ò ní ṣe èyí fún yín o. Ìbòrí àti bàtà ni wọ́n máa wò, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé, wọ́n á wọ mọ́tò. Ẹnjiníà á dúró nílẹ̀, á ní igi náà dára. Inú ń bí mi sí i títí dòní, torí ẹni tó wà lókè ló ń san gbèsè rẹ̀.

Nítorí náà, okùn pẹlẹbẹ ni kí ẹ rà fún iṣẹ́ yìí. Kí ẹnì kan gba inú sílíìnì wọlé, kó máa tẹ orí igi, kó má tẹ pákó sílíìnì. Kó wé okùn náà mọ́ ibi tí ráfítà ti pàdé òpó àárín, kó má baà yọ̀ kiri, kó sì fi àpò ìrẹsì di ibi tó bá kan etí páànù. Etí alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n gé dà bí abẹ fún okùn. Ti onírin wà fún òrùlé tuntun: bóòtù 12 mm tó la ráfítà já, wáṣà fífẹ̀ lẹ́yìn.

Gígùn okùn ló kù, ibẹ̀ ló sì ń dùn mí jù. Okùn hánẹ́ẹ̀sì (ìgbànú ààbò tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká àti itan) tí wọ́n ń tà jẹ́ mítà 1.8. Àpò tó ń ya láti dín agbára ìjábọ́ kù lè fà gùn tó mítà 1.07. Láti òrùka ẹ̀yìn hánẹ́ẹ̀sì dé àtẹ́lẹsẹ̀ tó bíi mítà 1.5, ẹ tún fi mítà kan sílẹ̀ fún ààbò. Ẹ ro ó pọ̀, mítà 5.37. Ògiri yín jẹ́ 4. Ẹni tó bá já láti etí òrùlé á ti kan ilẹ̀ kí okùn tó parí iṣẹ́, bó ti wù kí áńkọ̀ le tó. Ẹ gé okùn kúrú débi pé kò ní lè dé etí rárá, kí ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ dúró ní sẹ̀ntímítà 60 sí etí náà, kí ẹ sì ta kókó sí ìdí okùn. Fún fásíà, ìyẹn pákó etí òrùlé, àti páànù etí, sìkáfóòdù ni.

Ẹ má fi áńkọ̀ kan sí àárín fún gbogbo wọn. Ẹni tó bá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù á fì bí agogo, á lu ògiri. Bí okùn bá sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 5, kó má kọjá bíi 2.9 sí ọ̀tún tàbí òsì. Ẹnì kan sí áńkọ̀ kan.

Bẹ́líìtì ìbàdí, ẹ má rà á; Amẹ́ríkà ti fòfin dè é fún ìjábọ́ láti oṣù kìíní 1998. Irin 12 mm tí wẹ́dà tẹ̀ bí ìkọ́ náà, rárá, ó máa ń là. Bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ní páàpẹ́ẹ̀tì, ògiri kékeré tó yọ sókè ní etí òrùlé, ẹ má lu bóòtù sínú búlọ́ọ̀kù oníhò, inú bíìmù kọnkéré ni. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí páànù oníke tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ ẹ́, torí ó ti pọ́n tán, kò yàtọ̀ sí èyí tó kù lójú.

Kí àkàbà gígùn wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gòkè. Ẹni tó bá rọ̀ sórí hánẹ́ẹ̀sì, ẹ̀jẹ̀ á há sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ ní láti gbé e sọ̀ kalẹ̀.