Ọjọ́ 10 kò tíì tó láti sọ pé oògùn ìsoríkọ́ ò ṣiṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní àbúrò yín, ọmọ ọdún 22, ti ń lo sertraline, oògùn ìsoríkọ́, fún ọjọ́ 10, ẹ ò rí ìyàtọ̀ kankan, kì í kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ wá ń béèrè bóyá kó pa oògùn náà tì, àti pé ṣé kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe é.

Kó má pa á tì o. Ọjọ́ 10 kéré jù. Sertraline, fluoxetine, escitalopram àti irú wọn máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́, ó sì lè di ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí dókítà tó lè sọ pé ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Wàhálà oògùn ló ń ṣíwájú àǹfààní rẹ̀: èébì á máa gbé e, ìgbẹ́ lè máa yà á, orí á fọ́, oorun á dàrú. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tí èébì bá ń dà á láàmú, kó máa jẹun kó tó lò ó; tí kò bá róorun sùn, ẹ bi dókítà bóyá kó máa lò ó láàárọ̀. Èyí tí kì í tètè lọ ni kí nǹkan ọkùnrin má ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ojú ń ti wọn láti sọ ọ́, torí ẹ̀ ni àwọn kan ṣe ń rọra ju oògùn dànù láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ tètè sọ fún un pé ó lè ṣẹlẹ̀, àti pé dókítà lè dín ìwọ̀n rẹ̀ kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti ọ̀lẹ: ọ̀lẹ a máa sá fún iṣẹ́, àmọ́ tí eré bá dé, ẹ ó bá a níbẹ̀. Ẹni tí ìsoríkọ́ mú kì í lè gbádùn eré náà. Tí ìbànújẹ́ tàbí àìnífẹ̀ẹ́ sí ohunkóhun bá ti wà lójoojúmọ́ fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 2, tí oorun, oúnjẹ, okun àti ìrònú sì ti yí padà, àìsàn ni.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti la ojú yín dáadáa rèé. Nígbà míì, okun máa ń padà sára kí inú tó dùn. Ẹni tí kò lágbára láti ṣe ohunkóhun tẹ́lẹ̀ lè wá rí agbára ṣe ohun tó ti ń rò. Ní ti ẹni tí kò tíì pé ọdún 25, èrò ikú lè pọ̀ sí i ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fi ìkìlọ̀ sára àwọn oògùn yìí lọ́dún 2004 nítorí àwọn ọmọdé, wọ́n sì fa ìkìlọ̀ náà dé ọdún 24 lọ́dún 2007. Kò túmọ̀ sí pé kó má lò ó. Ó túmọ̀ sí pé ẹ gbọ́dọ̀ máa béèrè.

Ẹ béèrè ní tààrà: “Ṣé ó ti ń wá sí ọ lọ́kàn láti gbẹ̀mí ara rẹ?” Ìbéèrè yìí kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn, ọ̀pọ̀ ló ń mí kanlẹ̀ pé ẹnì kan béèrè. Ẹ má sọ pé “O ò ní ṣe ohun tó burú, àbí?”, torí ẹ ti fi ìdáhùn tí ẹ fẹ́ sí i lẹ́nu nìyẹn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bi í pé báwo, kí ló fẹ́ lò, ìgbà wo. Bó bá ti ní ọ̀nà, tó ní ohun èlò, tó sì dá ọjọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe bá a ṣèlérí àṣírí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìsinsìnyí, ẹ kó oògùn kòkòrò, ìbọn àti gbogbo oògùn inú ilé kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o, ẹ máa fún un ní oògùn tirẹ̀ ní ìwọ̀n ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Amitriptyline, oògùn ìsoríkọ́ àtijọ́ kan, léwu gan-an tí ènìyàn bá lò ó jù. Tó bá wà nílé, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tì mọ́ inú àpótí. Tí ara rẹ̀ bá ṣàdédé balẹ̀, tó ń pín ẹrù rẹ̀ fúnni, ẹ má yọ̀, ẹ béèrè.

Nínú ilé, ẹ má bi í pé “Kí ni kí n bá ọ ṣe?” Kò lè yàn. Ẹ fún un ní méjì kó mú ọ̀kan. Ẹ má sì dúró kó wù ú kó tó ṣe é. Ṣíṣe ló ń ṣáájú, wíwù ń tẹ̀ lé e. Kó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kó fọ ojú, kó rìn fún ìṣẹ́jú 10, kó máa jí ní aago kan náà. Lọ́jọ́ tí ara bá yá a díẹ̀, ẹ má tì í ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí iṣẹ́ àṣejù ọjọ́ kan lè dá a dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. “Àwọn kan wà tó burú jù ọ́ lọ” kì í gbé e dìde. Ẹ̀bi tó ti ń dá ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹ fi kún. Tó bá fẹ́ àdúrà, ẹ bá a gbà á, kó sì mu oògùn rẹ̀.

Ẹ sọ fún dókítà tó bá ti ní ìgbà kan rí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn síbẹ̀ tí okun rẹ̀ ń pọ̀ ṣáá, tó ń sọ̀rọ̀ wéré wéré, tó ń náwó ìnákúnàá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, oògùn ìsoríkọ́ nìkan lè sọ ọ́ di ẹni tí orí rẹ̀ gbóná. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn thyroid, ìyẹn ẹ̀yà ara kan tó wà lọ́rùn. Kó má fi tramadol (oògùn ìrora) tàbí St John's wort (ewé kan tí àwọn kan ń lò fún ìsoríkọ́) pọ̀ mọ́ sertraline.

Tí ọ̀sẹ̀ 6 bá pé tí kò sí ìyàtọ̀ gidi, ẹ padà lọ. Sertraline sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 50 mg lójúmọ́, kì í kọjá 200 mg, nítorí náà àyè lè ṣì wà láti fi kún un. Wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ìtọ́jú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kún un. Tí ara rẹ̀ bá sì yá, kó ṣì máa lò ó fún ó kéré tán oṣù 6, kí dókítà wá máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá dá a dúró lójijì lè máa lóòyì, kí nǹkan máa ṣe é lórí bí ìgbà tí iná mànàmáná gbé e, kí inú máa tètè bí i. Àwọn ará ilé á wá rò pé àìsàn náà ló padà dé.